Àbúrò Mi, Kánsẹ́lọ̀ Odò

Kí n tó sọ ohunkóhun, ẹ jẹ́ kó yé yín pé mo fẹ́ràn àbúrò mi. Ìyá kan náà ló bí wa, ẹ̀yìn mi yìí ni mo sì fi ń pọ̀n ọ́n nígbà tí ìyá wa bá lọ síbi iṣẹ́. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá bá mi nínú ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ mi, tí mo ń mí kanlẹ̀, tí mo ń tẹ máṣìn bí ẹni tó ń lé olè, ẹ má wulẹ̀ béèrè ẹni tó bí mi nínú. Òun náà ni.

Olùkọ́ bàọ́lọ́jì ni. Ilé ìwé girama tó wà nísàlẹ̀ òpópónà wa ló ti ń kọ́ni, ilé alájà kan tí ọ̀dà ara rẹ̀ ti ń bó, tí fèrèsé yàrá àwọn olùkọ́ rẹ̀ kì í tì tán. Odò wa ń gba ẹ̀yìn ilé ìwé náà kọjá. Kì í ṣe odò ńlá. Níbi tó ti tẹ́ẹ́rẹ́, ẹni tó bá láyà lè fò ó. Ṣùgbọ́n lójú àbúrò mi, odò yẹn ni kíláàsì gan-an. Bí ó bá fẹ́ kọ́ àwọn ọmọ nípa ẹran omi, kò ní kọ ọ́ sójú pátákó. Á ní kí wọ́n bọ́ bàtà, kí wọ́n ká ṣòkòtò, á sì kó gbogbo wọn wọ inú odò lọ wá àkèré, akàn àti lámilámi lábẹ́ òkúta. Àwọn ọmọ ló sọ ọ́ ní Tíṣà Odò. Àwọn òbí wọn ní orúkọ mìíràn tí wọ́n ń pè é, nítorí aṣọ tó ń délé pẹ̀lú ẹrẹ̀. Èmi ni wọ́n sì ń bá sọ ọ́, torí pé èmi ni mo ń rán yunifọ́ọ̀mù náà.

"Télọ̀, ẹ bá wa bá àbúrò yín sọ̀rọ̀ o."

Bí mo bá bá a sọ̀rọ̀, á rẹ́rìn-ín. "Àǹtí mi, ẹni tí kò tí ì fọwọ́ kan akàn rí, kí ló fẹ́ mọ̀ nípa akàn?"

"Pé ó ń já ni jẹ," ni mo máa ń dá a lóhùn.

Lókè odò, kí omi tó dé ilé ìwé, ni ilé iṣẹ́ awọ wà. Bí ẹ bá ju òkò sí òpópónà wa, ẹni tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ ni yóò bà. Ọkọ mi wà lára wọn. Àwọn ni ọ̀gá ní ẹ̀ka ibi tí wọ́n ti ń fọ awọ, wọ́n sì ti wà níbẹ̀ kí n tó di ìyàwó wọn. Omi tí wọ́n fi fọ awọ, pẹ̀lú gbogbo oògùn tí wọ́n fi ń yọ irun ara rẹ̀, inú odò ni wọ́n ń dà á sí. Bẹ́ẹ̀ ló ti wà láti ọjọ́ tó ti pẹ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí ilé iṣẹ́ náà kó ẹ̀rọ tuntun dé, tí iṣẹ́ pọ̀ sí i, omi náà pọ̀ jù fún odò. Lọ́jọ́ kan á dà bí aró, lọ́jọ́ kejì á máa hó bí ọṣẹ.

Lọ́dún yẹn, àbúrò mi kó àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ wọ odò gẹ́gẹ́ bí ìṣe rẹ̀. Wọ́n yí òkúta títí, wọn ò rí nǹkan kan. Kò sí àkèré, kò sí akàn. Kí wọ́n tó padà dé kíláàsì, ẹsẹ̀ ti ń yún wọn. Nígbà tó fi máa di ọjọ́ kejì, ẹsẹ̀ ọmọbìnrin kan ti wú tó bẹ́ẹ̀ tí bàtà kò wọ̀ ọ́ mọ́. Ìyá ọmọ náà wá sí ilé ìwé, ó sì fi ẹnu fọ àbúrò mi bí aṣọ. Kò jiyàn. Ó bẹ obìnrin náà títí ó fi lọ. Láti ọjọ́ náà ni ọ̀rọ̀ odò ti gba ọ̀rọ̀ yòókù lẹ́nu rẹ̀.

Ọ̀dọ̀ pírínsípà ló kọ́kọ́ lọ. Bàbá tó ti ń wojú ìfẹ̀yìntì, tó kàn fẹ́ kí ilẹ̀ mọ́ kí ilẹ̀ ṣú láìsí ariwo, ni pírínsípà yẹn. Ó ní, "Tíṣà, bàọ́lọ́jì ni wọ́n gbà ọ́ láti kọ́ wọn, wọn ò gbà ọ́ fún ìjà. Àga tí o jókòó lé yẹn, ilé iṣẹ́ awọ ló fún wa."

Ni àbúrò mi bá dìde lórí àga. Láti ọjọ́ náà, ìdúró ló ń bá pírínsípà sọ̀rọ̀.

Ẹ̀yin ará mi, ìyà tó jẹ mí lásìkò yẹn, mi ò mọ bí mo ṣe lè sọ ọ́. Kò síbi tí kì í ti í sọ̀rọ̀ odò. Níbi ìgbéyàwó, ó gba ẹ̀rọ gbohùngbohùn lọ́wọ́ ẹni tó fẹ́ gbàdúrà fún ọkọ àti ìyàwó, ó ní kí wọ́n jẹ́ kóun sọ gbólóhùn kan. Gbólóhùn kan náà kò tán títí oúnjẹ fi tutù. Lọ́jọ́ kan, mo ń wọn ìbàdí obìnrin kan nínú ṣọ́ọ̀bù, ó fẹ́ rán aṣọ fún ìkómọjáde. Àbúrò mi wọlé, ó kí obìnrin náà tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, níbo lẹ ti ń pọn omi?" Obìnrin náà ní kànga ilé àwọn ni. Ó bi í bí kànga náà ṣe jìnnà sí odò tó. Kí n tó ká téèpù kúrò ní ìbàdí rẹ̀, ojú rẹ̀ ti ranko. Ó ní òun ń bọ̀. Aṣọ rẹ̀ wà lọ́dọ̀ mi di bí mo ṣe ń sọ yìí.

"O ti lé oníbàárà mi lọ!"

"Àǹtí mi, ó yẹ kó mọ̀ ni."

"Aṣọ ló wá rán! Kò wá gbọ́ ìròyìn ikú!"

Ìgbìmọ̀ tó ń bójú tó ètò ẹ̀kọ́ ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ kọ́kọ́ sú. Wọ́n gbé e lọ sí ilé ìwé kan tó jìnnà débi pé kó tó débẹ̀, aago ìsinmi á ti lù. Ó lọ fún sáà kan, ó sì padà wá fi iṣẹ́ sílẹ̀. Ìyàwó rẹ̀, tó jẹ́ nọ́ọ̀sì, ló wá sọ fún mi. Ó wọlé tòun ti aṣọ funfun iṣẹ́ rẹ̀, ó jókòó lórí àpótí tí àwọn oníbàárà máa ń jókòó lé, ó sì gbé ọwọ́ lérí.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ ti gbọ́ ohun tí ọkọ mi sọ?"

"Kí ló tún sọ?"

"Ó lóun fẹ́ dupò kánsẹ́lọ̀."

Abẹ́rẹ́ gún mi lọ́wọ́. Àwa méjèèjì wo ara wa, a sì bú sẹ́rìn-ín, irú ẹ̀rín tí èèyàn máa ń rín nígbà tí ẹkún bá ti jù. Nọ́ọ̀sì ní, "Ẹ má rín in mọ́. Ó ti ya fọ́tò pósítà. Ó di àkèré mú nínú rẹ̀."

Òótọ́ ni. Ó wá àkèré náà láti ibòmíràn, torí kò sí lódò wa mọ́.

Ẹgbẹ́ òṣèlú tó wọ̀ kéré débi pé pálọ̀ rẹ̀ gbà wọ́n, àga sì tún ṣẹ́kù. Àwọn ọmọ tó ti kọ́ nílé ìwé ló pọ̀ jù nínú wọn, wọ́n ti dàgbà, wọ́n ń bá a lẹ pósítà mọ́ ògiri. Bí wọ́n bá pe àpéjọ, àwọn èèyàn á wá torí wọ́n fẹ́ gbọ́ nípa títì àti iná. Àbúrò mi á sì ṣàlàyé bí ẹja ṣe ń mí nínú omi. Mo jókòó láàrin wọn lọ́jọ́ kan. Bàbá àgbàlagbà kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi yíjú sí mi, ó ní, "Ìyá, ṣé ẹja ló máa dìbò fún un?"

Ẹja ò dìbò. Èèyàn pàápàá ò dìbò fún un. Ọkùnrin kan tó ti yọwọ́ kúrò nínú ìdíje náà, tí wọ́n kàn gbàgbé láti yọ orúkọ rẹ̀ kúrò lórí ìwé ìbò, ní ìbò jù ú lọ. Mo bi ọkọ mi bóyá wọ́n dìbò fún àna wọn. Wọ́n ní àṣírí ni ìbò.

Mo rò pé ó ti tán nìyẹn. Ìrètí mi pọ̀. Ṣùgbọ́n lọ́dún tí ìdìbò mìíràn ń bọ̀, òjò ńlá rọ̀ léraléra. Àjákù awọ tí ilé iṣẹ́ ń kó jọ sétí odò ṣàn wá, ó dí ihò abẹ́ afárá, odò sì bẹ̀rẹ̀ sí í wọ inú ilé. Kì í sì í ṣe omi lásán. Omi tó ń rùn bí òkú ẹran ni, tó sì ń fi àmì sára ògiri. Ó wọ ṣọ́ọ̀bù mi, ó ba aṣọ oníbàárà jẹ́ láti ìsàlẹ̀ kọ́bọ́ọ̀dù dé àárín. Mo jókòó sórí tábìlì ìgéṣọ, mo ń sunkún.

Ta ló ń gba ilé dé ilé kiri pẹ̀lú bọ́kẹ́ẹ̀tì? Àbúrò mi ni. Ó gbọ́n omi títí ọwọ́ rẹ̀ fi bó. Ó gbé ìyá arúgbó kan lẹ́yìn jáde nínú yàrá. Ó rẹ̀ ẹ́ débi pé kò sọ ọ̀rọ̀ kan nípa odò. Kò ní "ṣebí mo ti sọ." Kò kọ́ ẹnikẹ́ni ní nǹkan kan. Títí di òní, mo gbà pé dídákẹ́ yẹn ló mú un wọlé. Nígbà tí ìdìbò dé, àwọn tó ti fi ṣe yẹ̀yẹ́ ń tò láti dìbò fún un, ó sì di kánsẹ́lọ̀.

Gbogbo wa yọ̀. Mo rán búbá àti ṣòkòtò tuntun fún un. Mo rò pé wọ́n á ṣe òfin kan, omi á mọ́, àbúrò mi á dákẹ́, èmi náà á simi. Ẹ ò rí i pé mi ò mọ nǹkan kan nípa òṣèlú.

Gbọ̀ngàn kánsù jẹ́ yàrá gígùn kan tí tábìlì rẹ̀ wọ aṣọ aláwọ̀ ewé, tí fáànù òrùlé rẹ̀ ń ké bí òkété tí pàńpẹ́ mú. Alága jẹ́ ẹni tó sanra, tí ohùn rẹ̀ rọ̀, tí kì í bá ẹnikẹ́ni jà. Ọgbọ́n tirẹ̀ ni pé kì í sọ pé rárá. Nígbà tí àbúrò mi gbé àbá òfin rẹ̀ kalẹ̀, pé ilé iṣẹ́ tó bá wà létí odò gbọ́dọ̀ sẹ́ omi rẹ̀ kó tó dà á jáde, alága mi orí. "Ọ̀rọ̀ pàtàkì ni. Ọ̀rọ̀ tó yẹ ká yan ìgbìmọ̀ lé lórí ni."

Wọ́n yan ìgbìmọ̀. Ìgbìmọ̀ jókòó, wọ́n kọ àbọ̀. Alága ní àbọ̀ náà dára púpọ̀, ó yẹ kí wọ́n yan ìgbìmọ̀ tí yóò gbé e yẹ̀ wò. Bí àbúrò mi ṣe ń fapá jánú, wọ́n ní kó má bínú, àwọn mọ̀ pé ó fẹ́ràn ohun alààyè, nítorí náà àwọn fi í ṣe alábòójútó òdòdó iwájú gbọ̀ngàn. Òdòdó! Ó gbìn ín o. Ó gbìn ín dáadáa. Gbogbo ẹni tó bá dúró wò ó ló ń dá dúró láti bi wọ́n níbo ni wọ́n ti ń pọn omi.

Mo lọ wò ó níjọ́ kan tí wọ́n fún un láyè láti sọ̀rọ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ láti orí òjò: bí òjò ṣe ń rọ̀, bí ó ṣe ń wọ ilẹ̀, bí ó ṣe ń di odò. Kò tí ì dé ọ̀rọ̀ ilé iṣẹ́ tí akọ̀wé fi gbé bírò rẹ̀ kalẹ̀. Kánsẹ́lọ̀ méjì ti sùn. Lẹ́yìn ìjókòó, mo fà á sí kọ̀rọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àtẹ̀gùn.

"Ṣé kíláàsì lo rò pé o wà ni?"

"Wọn ò mọ̀ ni, Àǹtí mi. Bí wọ́n bá mọ̀..."

"Wọ́n mọ̀! Wọ́n mọ̀ jù ẹ́ lọ! Wọn ò fẹ́ ni. Ọ̀tọ̀ lẹni tí kò mọ̀, ọ̀tọ̀ lẹni tí kò fẹ́. Ìṣòro tìẹ ni pé tíṣà ni ẹ́. Àwọn tí kò mọ̀ nìkan lo mọ bí wọ́n ṣe ń bá lò."

 Ó wò mí bí ìgbà tí mo gbá a létí. Lẹ́yìn náà ló ní, "Kí ni mo wá máa ṣe fún àwọn tí kò fẹ́?"

 Mo ní kó lọ jẹun.

Ilé iṣẹ́ awọ kò sùn ní tiwọn. Máníjà wọn pe gbogbo àwọn kánsẹ́lọ̀ wá wo bí iṣẹ́ ṣe ń lọ. Wọ́n rìn yíká, wọ́n jẹun, wọ́n sì fún ẹnì kọ̀ọ̀kan ní bàtà aláwọ tuntun. Ní ìjókòó tó tẹ̀ lé e, bí wọ́n ṣe ń wọlé ni bàtà ń ké kíún-kíún lẹ́sẹ̀ wọn, títí kan ti alága. Àbúrò mi nìkan ló dá tirẹ̀ padà. Ó ṣeni láàánú pé kò dá a padà jẹ́ẹ́jẹ́. Ó dìde, ó ní kí wọ́n jẹ́ kóun ṣàlàyé bí wọ́n ṣe fọ awọ bàtà náà.

Lọ́sẹ̀ yẹn ni máníjà pe ọkọ mi sí ọ́fíìsì. Ó ní, "Àna rẹ ni kánsẹ́lọ̀ yẹn, àbí? Bá a sọ̀rọ̀. Bí òfin yẹn bá wọlé, ẹ̀ka tìrẹ ni a ó kọ́kọ́ tì."

Àwọn àgbà ní bí a bá sọ òkò sọ́jà, ará ilé ẹni ní í bà. Ọkọ mi dé ilé, wọn ò jẹun. Wọ́n jókòó, wọ́n ń wo ọwọ́ wọn. Èmi wá dà bí okùn tí adìyẹ bà lé: ara ò rọ okùn, ara ò rọ adìyẹ. Tí mo bá gbè sẹ́yìn àbúrò mi, oúnjẹ ilé mi ni mo ń bá jà. Tí mo bá gbè sẹ́yìn ọkọ mi, omi tó ba ṣọ́ọ̀bù mi jẹ́ ni mo ń gbè lẹ́yìn. Mo wá ránṣẹ́ pe àbúrò mi lọ́sàn-án ọjọ́ Àìkú. Mo ní bó bá máa bàjẹ́, kó bàjẹ́ lójú mi.

Kò tí ì jókòó tán tí ọkọ mi fi bẹ̀rẹ̀. "Àna mi, ṣé odò ni yóò máa bọ́ àwọn ọmọ mi?"

"Bọ̀dá mi, omi odò yẹn náà ni àwọn ọmọ yín ń mu. Bí omi bá ń gba abẹ́ ilẹ̀ wọ kànga..."

"Ìbéèrè ni mo bi ẹ́."

"Mo sì ti dá yín lóhùn, sà."

"O ò dá mi lóhùn. O kọ́ mi lẹ́kọ̀ọ́ ni. Èmi kì í ṣe ọmọ kíláàsì ẹ."

 Ọkọ mi na ọwọ́ wọn méjèèjì síwájú rẹ̀. Ẹ̀yin náà ì bá rí ọwọ́ yẹn. Ó ti gbẹ, ó ti là bí ilẹ̀ ẹ̀ẹ̀rùn, èékánná rẹ̀ ti pọ́n.

"Ṣé o rò pé mi ò mọ ohun tó wà nínú omi yẹn ni? Ọwọ́ yìí ló ń wà nínú ẹ̀ lójoojúmọ́. Mo mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá tì í, ta ló máa gbà mí síṣẹ́ bí mo ṣe dàgbà yìí? Ìwọ ń jà fún àkèré. Ta ló ń jà fún èmi?"

"Ẹ̀yin gan-an ni mo ń jà fún!"

"O ò bi mí rí!"

Bẹ́ẹ̀ ni ohùn ń ròkè. Ọ̀kan ò gbọ́ tèkejì mọ́. Ará ilé kejì ti yọjú lójú fèrèsé. Ó tó gẹ́ẹ́, ni mo bá dìde.

"Ẹ̀yin méjèèjì, ẹ jáde! Ẹ lọ bá ara yín sọ ọ́ níta. Bí ẹ bá parí ẹ̀, ẹ wọlé wá jẹun. Bí ẹ ò bá parí ẹ̀, ẹ dúró síbẹ̀ kí ẹ̀fọn jẹ yín."

Mo ti ilẹ̀kùn. Wọ́n dúró sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ bí àwọn ọmọ ilé ìwé tó pẹ́ dé.  Nígbà tó yá, mo gbọ́ ohùn àbúrò mi, ohùn tó rọlẹ̀ tí mi ò gbọ́ lẹ́nu rẹ̀ rí. Ìbéèrè ló ń béèrè. Láti ọjọ́ tó ti di tíṣà, gbogbo ìbéèrè tó ń béèrè ló ti mọ èsì rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ti ọjọ́ yìí, kò mọ̀ ọ́n. Ó ń bi ọkọ mi ohun tí wọ́n fẹ́. Ọkọ mi ní ohun méjì péré ni: kí wọ́n fún ilé iṣẹ́ ní àsìkò tó tó láti kọ́ ibi tí wọ́n á ti máa sẹ́ omi náà, kí òfin sì sọ ọ́ pé wọn ò gbọ́dọ̀ torí rẹ̀ lé òṣìṣẹ́ kankan. Nígbà tí wọ́n wọlé, wọn ò bá ara wọn rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n wọ́n jẹ nínú abọ́ ìrẹsì kan náà.

Àbúrò mi tún àbá òfin náà kọ. Ó fi ohun méjèèjì sí i. Ẹ ó rò pé inú gbogbo ayé á dùn. Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ rẹ̀, àwọn tó bá a lẹ pósítà, gbaná jẹ. Wọ́n ní kí lódé tí ilé iṣẹ́ á fi tún máa da ìdọ̀tí sódò ní gbogbo àsìkò tí wọ́n fún un láyè. Wọ́n ní Tíṣà ti gba bàtà ní kọ̀rọ̀. Ẹnì kan lára wọn gba ojú ọ̀nà kọjá, ó fi ọ̀dà kọ "ODALE" gàdàgbà sára ògiri ilé rẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ sáré gbé omi àti kàn-ìn-kàn-ìn jáde. Nígbà tí mo fi máa débẹ̀, ẹ wo ohun tí mo bá: àbúrò mi dúró níwájú ògiri tòun ti ṣọ́ọ̀kì, ó ń fi àmì ohùn sórí ọ̀rọ̀ náà.

"Kí lò ń ṣe?"

"Mo kọ́ ọmọ yẹn fún odindi sáà mẹ́ta. Bó bá fẹ́ bú mi, kó bú mi bó ṣe yẹ."

Nọ́ọ̀sì ju kàn-ìn-kàn-ìn sílẹ̀, ó wọlé. Mi ò dá a lẹ́bi.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan tí ooru mú, tí gbogbo kánsẹ́lọ̀ fẹ́ tètè lọ fún ìsinmi, òfin náà wọlé. Máníjà ti gbà, nítorí pé àsìkò tí wọ́n fún un pọ̀. Bí máníjà ti gbà, alága gbà. Bí alága ti gbà, gbogbo bàtà tuntun gbà. Kò sẹ́ni tó pàtẹ́wọ́. Àbúrò mi wá sí ṣọ́ọ̀bù mi, ó jókòó.

"Ó ti wọlé."

"Kí ló wọlé?"

"Òfin náà."

Mo fò dìde, mo gbá a mọ́ra. Ara rẹ̀ le bí igi. Ó ní, "Wọ́n yọ gbólóhùn kan kúrò nínú ẹ̀, Àǹtí mi. Èyí tó ní kí wọ́n máa sọ èsì àyẹ̀wò omi fún aráàlú."

"Ṣé o ò lè yọ̀ fún ìṣẹ́jú kan ni?"

Ó ronú sí i. Ó ní kò dá òun lójú.

Ìdìbò tó tẹ̀ lé e, wọ́n fẹ̀yìn rẹ̀ gbálẹ̀. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ tó ti kọ́ ló gba ipò náà lọ́wọ́ rẹ̀, ọmọkùnrin tó fìdí rẹmi nínú bàọ́lọ́jì, tí ẹnu rẹ̀ sì dùn bí oyin. Ó ṣèlérí pé kí ọdún tó parí, èèyàn á lè rí ìsàlẹ̀ odò láti orí afárá. Àwọn òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́ ò dìbò fún àbúrò mi torí pé ó dá òfin sílẹ̀. Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ò dìbò fún un torí pé òfin náà rọ̀ jù. Èmi ni mo bá a sunkún. Òun jókòó, ó jẹ ìrẹsì, ó sì sùn bí ọmọ ọwọ́.

Nígbà tí àsìkò tí òfin fún wọn ku díẹ̀ kó pé, ilé iṣẹ́ gbẹ́ àwọn kòtò ńlá sẹ́yìn ilé ìkẹ́rùsí wọn, wọ́n fi sìmẹ́ǹtì tẹ́ inú wọn, kí omi lè máa gba inú ọ̀kan bọ́ sínú èkejì, kí ìdọ̀tí máa rọlẹ̀. Kò sẹ́ni tí wọ́n lé. Ọkọ mi ni wọ́n fi ṣe alábòójútó rẹ̀. Lọ́jọ́ tí wọ́n máa ṣí i, alága wá gé rìbọ́ọ̀nù, kánsẹ́lọ̀ tuntun sọ̀rọ̀, máníjà sọ̀rọ̀. Gbogbo wọn dúpẹ́ lọ́wọ́ ara wọn. Kò sẹ́ni tó pe àbúrò mi. Ó wá síbẹ̀síbẹ̀, ó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi lẹ́yìn pátápátá. Mo ń bẹ Ọlọ́run pé kó dákẹ́. Nígbà tí máníjà ń sọ pé omi náà ti mọ́ tónítóní, mo rí ọwọ́ rẹ̀ lókè.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, ìgbà wo lẹ ti yẹ̀ ẹ́ wò, ta ló sì yẹ̀ ẹ́ wò?"

Mo fa ẹ̀wù rẹ̀. Alága wolẹ̀, ó wòkè, bí ẹni tí kò rí i rí. "Ta nìyẹn?"

Àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í kùn. Ojú tì mí débi pé mo fẹ́ kí ilẹ̀ là kó gbé mi mì. Ni mo bá gbọ́ ohùn ọkọ mi láti ẹ̀gbẹ́ kòtò, níbi tí wọ́n dúró sí nínú aṣọ iṣẹ́ tí mo fọ̀ fún wọn láàárọ̀.

"Kánsẹ́lọ̀ ni," ni wọ́n dá alága lóhùn. Wọ́n sì pe àbúrò mi, tí kì í ṣe ẹgbẹ́ wọn, tí wọn ò pè ní ẹ̀yin rí. "Kánsẹ́lọ̀, ẹ máa bọ̀. Ẹ wá wò ó fúnra yín."

Àbúrò mi la àárín èrò kọjá. Àwọn méjèèjì lóṣòó sétí kòtò tó kẹ́yìn, ọkọ mi ń tọ́ka, òun ń béèrè, orí wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ kanra. Máníjà ń bá ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n mi ò gbọ́ nǹkan kan mọ́ nínú ẹ̀.

Odò náà kò tí ì padà sí bó ṣe wà. Àwọn ọjọ́ kan wà tó ṣì máa ń ní àwọ̀ tí mi ò fẹ́ràn, àbúrò mi á sì wá sọ fún mi bí ẹni pé èmi ni mo dà á sí i. Ṣùgbọ́n kò rùn mọ́, àwọn lámilámi sì ti ń fò lórí rẹ̀ nígbà tí oòrùn bá mú. Ilé ẹ̀kọ́ ìrọ̀lẹ́ ni àbúrò mi ti ń kọ́ àwọn àgbàlagbà báyìí. Nọ́ọ̀sì rò pé ìyẹn á tó o. Àfi ní ọjọ́ mẹ́rin sẹ́yìn tó sáré wá bá mi, tó ní ọkọ òun ti bẹ̀rẹ̀ sí í gun orí òrùlé lọ wo èéfín tó ń jáde níbi tí wọ́n ti ń sun bíríkì, tó sì ti ń ya fọ́tò.

Mo sọ ọ́ fún ọkọ mi nígbà tí wọ́n dé láti ibi iṣẹ́. Wọ́n bọ́ bàtà wọn, wọ́n rẹ́rìn-ín díẹ̀, wọ́n ní bó bá tún dupò, àwọn máa dìbò fún un, àwọn ò sì ní pè é ní àṣírí. Mo bẹ̀ wọ́n tọwọ́-tẹsẹ̀ pé kí wọ́n má jẹ́ kó gbọ́.

Ó ti gbọ́.